Ọdún Tí Àkeekèé Àpáta Ta Màmá

Àpáta ló wà lẹ́yìn ilé tí a gbé ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin. Kì í ṣe òkè gíga tí èèyàn ń gùn kó tó rí ìlú. Àpáta pẹrẹsẹ ni, tó yọ láti inú ilẹ̀ bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀, ó sì fẹ̀ tó ibi tí wọ́n lè kọ́ ilé mẹ́ta sí. Òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti fọ̀ ọ́, oòrùn ti yan án, ara rẹ̀ wá ń bó ní awẹ́ awẹ́ bí èèpo igi. Àwọn awẹ́ òkúta yìí wà lórí rẹ̀ káàkiri, òmíràn tó àwo, òmíràn tó ilẹ̀kùn. Onílé wa máa ń sọ pé òun máa fọ́ ọ tà fún àwọn tó ń kọ́lé, ṣùgbọ́n kò fọ́ ọ títí a fi kó kúrò níbẹ̀. Orí àpáta yẹn ni a ti ń sá aṣọ, ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń sá ata, ibẹ̀ ni èmi náà ti ń ka ìwé mi nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí gbogbo ariwo àdúgbò á máa wọ̀ mí létí lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ní ìkóríta, garawa tó ń kọlu ògiri kànga, ìpè àdúrà láti mọ́sáláṣí ìsàlẹ̀ òpópónà. Ibẹ̀ náà ni àwọn àkeekèé ń gbé. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ń bá wọn gbé e.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni bàbá mi, ní ilé-ìwé girama kan nínú ìlú. Dádì ni à ń pè é. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni òun àti ìyá mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé wọn wá sí Ìlọrin. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà nílé ní ọdún tí mò ń wí yìí, nítorí Kúnlé ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń sùn sí. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Dádì á mú ọ̀pá irin kan, á ní ká lọ. Á ti irin náà bọ abẹ́ awẹ́ òkúta, á gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò. Mo ṣì ń rí èyí àkọ́kọ́ tó fi hàn mí. Dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, ara rẹ̀ sì tẹ́ bíi pé ẹnì kan ti jókòó lé e. Kò sí lórí ilẹ̀ abẹ́ òkúta náà rárá. Ara òkúta gan-an ló lẹ̀ mọ́, ó dorí kodò, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Dádì mi òkúta náà, kò já bọ́. "Ṣó o rí i," ó ní, "ilé rẹ̀ ló sọ ọ́ di pẹlẹbẹ báyìí. Pàlàpálá tí kọ́bọ̀ ò lè wọ̀, òun á wọ̀ ọ́." Ó ní èyí tí apá iwájú rẹ̀ bá ki bí ti alákàn, tí ìrù rẹ̀ sì tín-ín-rín, apá ló fi ń jà, oró rẹ̀ kò le púpọ̀. Èyí tí apá rẹ̀ bá tín-ín-rín, tí ìrù rẹ̀ sì ki, kí n sá fún un. Òfin méjì ló fún mi. Àkọ́kọ́, n kò gbọdọ̀ ṣí òkúta kankan tí òun ò bá sí níbẹ̀. Ìkejì, òkúta tí a bá ṣí, a gbọ́dọ̀ dá a padà bí a ṣe bá a, nítorí òrùlé ilé onílé ni. Àkeekèé àpáta kì í gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá bá a níta láìní òrùlé, kò ní pẹ́ kú.

Ìyá mi kò rí ọ̀rọ̀ náà báyẹn. Ìwé ni Mọ́mì ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ẹni tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan wà létòlétò ni. Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n da kẹrosíìnì sínú gbogbo pàlàpálá yẹn, kí wọ́n sì ṣáná sí i. Ìgbà tí mo fi máa gbọ́ àríyànjiyàn wọn lẹ́ẹ̀kejì, mo ti mọ ọ́n sórí.

"Bàbá Kúnlé, ọjọ́ tí wọ́n bá ta ọmọ yìí, ṣé ìwé tí ẹ kà ló máa gbà á sílẹ̀?"

"Wọn kì í wá wa wá."

"Ẹ̀yin lẹ ń wá wọn lọ. Ẹ sì ń mú ọmọ dání lọ."

Dádì á rẹ́rìn-ín, á sì padà sídìí ìwé tó ń máàkì. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà wà nílé wa kí Màmá tó dé.

Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìparí òjò ọdún yẹn ni Bàbá Ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n Dádì tó ń gbé Ọ̀mù-Àrán, gbé e wá fún wa, òun àti báàgì méjì àti ẹní kan tó ká tó fi okùn dì. Ojú rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti kọsẹ̀ lára ewúrẹ́ ara rẹ̀ nínú ọgbà ara rẹ̀, ó fi orúnkún gbalẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Dádì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ojú náà ti ń ṣú, ó fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i, ó sì ní iṣẹ́ abẹ ló máa tán an. Màmá ní ojú tí òun fi sin ọkọ, tí òun fi tọ́ ọmọ mẹ́fà, wọn kò ní fi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n wá fẹnu kò pé kó dúró títí Kérésì, lẹ́yìn náà wọ́n á tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Nísinsìnyí tí èmi náà ti di ẹni tí àwọn ọmọ ń jókòó pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo mọ̀ pé ìtumọ̀ tí kálukú fún àdéhùn yẹn yàtọ̀. Lójú àwọn ọmọ, ó ti dé nìyẹn. Lójú tirẹ̀, àlejò ló wá ṣe. Báàgì rẹ̀ kan wà níbi tí wọ́n sọ ọ́ sí, kò tú u.

Òun ló máa ń kọ́kọ́ jí nílé. Màá gbọ́ tó ń gbàdúrà nínú yàrá tí a jọ ń sùn, pẹ̀lú èdè Ìgbómìnà rẹ̀ tí Mọ́mì máa ń rẹ́rìn-ín sí tìfẹ́tìfẹ́, á dárúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà màá gbọ́ ìgbálẹ̀. A máa ń fi ẹ̀kọ mu àárọ̀, pẹ̀lú àkàrà tàbí wàrà tí ìyá Fúlàní kan ń gbé kiri nínú igbá, tí Mọ́mì á fi ata dín. Màmá fẹ́ràn wàrà yẹn, òun nìkan ni ohun tó gbà pé Ìlọrin fi ju Ọ̀mù lọ. Bí wọ́n bá ní kó jókòó kó sinmi, á ní, "Ilé tí mo bá ti ń jẹun láìṣiṣẹ́, àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀," láìrántí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ara rẹ̀ ní àlejò. Iṣẹ́ tó wá rí fún ara rẹ̀ ni ilá. Ilá pọ̀ lọ́jà nígbà yẹn. Á ní kí Mọ́mì rà á wá ní agbọ̀n kan, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á máa rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, á wá tẹ́ ẹní rẹ̀ sórí àpáta, á sá a kó lè gbẹ di orúnlá. Lọ́sàn-án á yí i padà, nírọ̀lẹ́ á kó o kí ìrì tó sẹ̀. Ó ń dì í sínú ọ̀rá fún gbogbo ará Ọ̀mù tó wà ní Ìlọrin. Nígbà tí Dádì kọ́kọ́ rí i lórí àpáta, ó lọ ṣàlàyé fún un nípa àwọn àkeekèé. Màmá fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní, "Àkeekèé ò ṣeé dì níbò, mo mọ̀. Ta ló ní mo fẹ́ dì í mọ́wọ́?" Ó tẹ́ ẹní rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, Dádì lọ bójú tó ìdánwò nílé-ìwé. Ó ti sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pé abo àkeekèé kì í yé ẹyin, pé ọmọ ló ń bí, àti pé àwọn ọmọ náà máa ń gun ẹ̀yìn ìyá wọn títí wọ́n á fi bọ́ awọ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ rí i. N kò lè sọ pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mú ọ̀pá irin, mo lọ síbi òkúta kan tó tó tíréè ńlá, tí kò ju ìṣísẹ̀ kan sí ẹní Màmá, mo sì yí i. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì dojú bolẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti sá wọ ìbòji ẹsẹ̀ mi kí n tó mọ̀, mo fò sẹ́yìn. Èkejì kò yára rìn, nítorí ẹrù rẹ̀. Àwọn ọmọ náà funfun bí ìrẹsì, wọ́n wà lórí ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò sì ṣe nǹkan kan. Mo dúró, mò ń kà wọ́n. Mo ti ka mọ́kànlá nígbà tí Mọ́mì ké sí mi láti iwájú ilé pé omi ẹ̀rọ ti ń yọ. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin nígbà yẹn mọ ohun tí ìpè yẹn túmọ̀ sí. Omi lè má tún yọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ju irin sílẹ̀, mo sáré lọ gbé garawa. A pọn omi kún dírọ́ọ̀mù, a pọn kún ìkòkò, a pọn kún báfù tí a fi ń fọṣọ. Nígbà tí a fi máa parí, mo ti gbàgbé òkúta.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Màmá lọ kó ilá rẹ̀. Mo wà nídìí sítóòfù. N kò gbọ́ igbe. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ní "Háà," wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan. Mọ́mì ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó rí àkeekèé náà lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó sì lù ú pa. Màmá ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ìdí àtàǹpàkò ló ti ta á. Alhája tó ń gbé ilé kejì gba ẹnu ọgbà wọlé, ó ṣì mú tẹ̀sùbáà dání.

"Sùbùhánà. Kí ló ta Màmá?"

"Àkeekèé ni, Alhája."

"Ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ o. Ẹ jẹ́ kí n gbé mọ́tò jáde. Àlùbáríkà á wà níbẹ̀, ẹ má páyà."

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n dúró kí n ṣọ́lé. Nígbà tí ilé dákẹ́ tán, mo jáde sórí àpáta, mo sì rí òkúta náà níbi tí mo fi í sí, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí Dádì ti kọ́ mi dáadáa. Oòrùn ti mú, wọn kò ní òrùlé mọ́, ìbòji tó sún mọ́ wọn jù lọ ni abẹ́ ẹní. Mo ti irin bọ abẹ́ òkúta náà, mo sì dá a padà sórí ojú ilẹ̀ rẹ̀. Mo gbá ilá tó dànù. Mo ká ẹní. Mo gbé irin lọ síbi tí à ń gbé e sí. Gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò rárá.

Dádì dé kí wọ́n tó padà. Mo sọ fún un pé àkeekèé ta Màmá, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó wo òkú àkeekèé náà. Pẹlẹbẹ ni, ọ̀kan nínú tirẹ̀ ni. "Èyí kì í jáde lọ́sàn-án," ó ní. Ó rìn yí gbogbo àpáta náà ká, ó ń wo àwọn òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn wà ní àyè wọn. Ó padà wá bá mi. "Kí ló gbé e jáde?"

"N ò mọ̀, sà," ni mo wí.

Ọwọ́ Màmá wú bí búrẹ́dì. Ó bì, ibà mú un fún ọjọ́ mẹ́ta, Mọ́mì sì gba àyè níbi iṣẹ́ láti jókòó tì í. Ní ọjọ́ kẹrin ó jẹ ẹ̀kọ, ó ní kí wọ́n fún òun ní wàrà, a sì mọ̀ pé ó ti bọ́. Ohun tó tẹ̀lé e ló burú ju oró lọ. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, bóyá Mọ́mì ni, pé àkeekèé náà á ti wà láàárín ilá lórí ẹní, gbangba, àti pé ẹni tí ojú rẹ̀ ríran kò ní fọwọ́ lé e. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jókòó sínú ilé. Wọ́n gba ọ̀bẹ ilá lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní kó má súnmọ́ sítóòfù. Wọ́n ní kó má gun àpáta mọ́. Wọ́n ní kí n máa fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀.

Ó kọ́kọ́ jiyàn. Ó ń jẹun lọ́jọ́ náà, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Abẹ́ ẹní ló wà. Mo ká etí ẹní sókè kó tó ta mí."

"Màmá," ni Dádì wí, ó sì rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, "kì í gbé abẹ́ ẹní. Abẹ́ òkúta ló ń gbé. Mo sì ti wo gbogbo òkúta ibẹ̀, kò sí èyí tó kúrò ní àyè rẹ̀."

Màmá kọjú síbi tí ohùn rẹ̀ ti ń wá. Lẹ́yìn náà ó tún gbé ṣíbí. Láti ọjọ́ yẹn, kò jiyàn mọ́. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi í sí, ọwọ́ lé itan, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Èmi ni mò ń fà á lọ́wọ́. Ọwọ́ tó wú ni ó máa ń nà sí mi, nítorí òun ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tí mò ń gbà, awọ rẹ̀ sì gbóná. N kò rò pé mo jẹ́ ọmọ búburú. Mò ń ronú pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà á tán fúnra rẹ̀.

Kò tán. Ọjọ́ Ìsinmi kan kí Kérésì tó dé, Bàbá Ọ̀mù wá, ó bá wa bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́mì gúnyán. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Bàbá Ọ̀mù ní olùkọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìlú ń wá ilé, òun sì ti sọ fún un pé ilé Màmá ṣófo. Àwọn ewúrẹ́, òun á kó wọn sọ́dọ̀ ara òun. Àwọn ìkòkò àti àpótí aṣọ, wọ́n lè kó wọn sínú yàrá kan kí wọ́n tì í. Ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Dádì ń mi orí. Màmá wà níbẹ̀, láàárín wọn.

"Ṣé ẹ ti parí rẹ̀ nìyẹn?" ó ní.

"Màmá, nítorí yín náà ni," ni Bàbá Ọ̀mù wí. "Bó bá jẹ́ pé ejò ni ẹ fọwọ́ lé ńkọ́?"

Mo dúró ti tábìlì, mo gbé abọ́ omi tí wọ́n máa fi fọwọ́ dání. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé abọ́ náà padà sí ìdáná láìsọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti tán, ilé náà á di ti olùkọ́. Mo gbọ́ tí ohùn mi ń sọ pé èmi ni mo ṣí òkúta. Wọn kò gbọ́ dáadáa, Dádì ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ní mo ṣí i, omi yọ, mo gbàgbé, mo sì dá a padà nígbà tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní abẹ́ ẹní ni wọ́n sá lọ lóòótọ́.

Kò sẹ́ni tó nà mí. Dádì dìde, ó ní kí n fi òkúta náà han òun, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé wa jáde, títí kan Màmá tó di apá Mọ́mì mú. Mo nawọ́ sí i. Dádì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ pa á. Orí gbogbo òkúta tó kù dúdú, pẹ̀lú àbàwọ́n aláwọ̀ ewé àti eérú tí òjò ń kó sí wọn lára. Èyí mọ́, ó pọ́n bí ara tuntun. Mo ti dá a padà sí àyè rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fi inú rẹ̀ ṣe òde. Ìyẹn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá wò ó.

"Mo kọjá lára rẹ̀," ni Dádì wí. "Mo dúró sí ibí yìí gan-an."

"Ojú tìẹ ńkọ́?" ni Màmá bi í.

Màmá tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní apá Mọ́mì. "Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, tó tún kàwé lé e, kò rí i. Èmi tí mo sọ ohun tí mo rí, ẹ ní n kò ríran. Ẹ wá fẹ́ fi ilé mi fún àlejò." Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Bàbá Ọ̀mù wo ilẹ̀. Mọ́mì ní, "Àkeekèé ni o, ọmọ ni o, ọwọ́ Màmá ló wú," ó sì yíjú sí mi, ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ sínú yàrá kí n nawọ́ sókè. Mo kúnlẹ̀ títí wọ́n fi sin Bàbá Ọ̀mù sọ́nà. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ tí Màmá ń sọ fún un pé kó wá gbé òun ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣe Kérésì nílé òun. Kò sẹ́ni tó ní rárá. Ẹjọ́ tí wọ́n dá fún un, orí àkeekèé yẹn ni wọ́n gbé e lé. Nígbà tí èyí yẹ̀, wọn kò rí òmíràn mú.

Ó wọlé wá bá mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ó ní, "Àjíkẹ́, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀." Mo ní Mọ́mì kò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ló bí ọkọ Mọ́mì. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "O pẹ́ kó o tó sọ ọ́," kò sì fi nǹkan mìíràn kún un, kò ní kò sí nǹkan, kò sì ní òun ti dárí jì mí. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń di ẹrù rẹ̀. Dádì kò mú ẹnikẹ́ni lọ sórí àpáta mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Mọ́mì kò dárúkọ kẹrosíìnì mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Wọ́n mú mi lọ lo ọlidé gígùn lọ́dọ̀ Màmá lọ́dún tó tẹ̀lé e. Òun nìkan ló wà nínú ilé náà, àwọn ìyàwó ilé sì yí i ká nínú agbo ilé. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó se ọbẹ̀ fún mi fúnra rẹ̀. Ó bu omi fún mi, ó sì ki ìka kan bọ inú ife bó ṣe ń bù ú, ó dáwọ́ dúró nígbà tí omi kan ìka náà. Okùn kan wà nínú ọgbà, ó ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ìdáná, ó ti ìdáná lọ sí ilé ìyàgbẹ́, gíga rẹ̀ kò ju ìgbáròkó àgbàlagbà lọ. Mo bi í pé kí ni okùn náà wà fún. Ó ní aṣọ ni wọ́n ń sá sí i. Fún ọjọ́ mẹ́ta n kò rí aṣọ kankan lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo jókòó sábẹ́ igi láàárọ̀, mo dákẹ́, mo sì rí i tó jáde, tó nawọ́ kan okùn, tó ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orí tó gbé sókè. Ó kọjá níwájú mi, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, tó ń gbálẹ̀, wò mí. Ó gbé ìka lé ètè, ó sì ń gbálẹ̀ lọ. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀. Àwọn ọmọ tó bí nìkan ni kò mọ̀.

Mo ronú nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ọgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá. Òótọ́ ni mo sọ nípa òkúta, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn fi òótọ́ náà gbà, irọ́ ni. Ojú Màmá ti lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti lọ kí ó tó dé Ìlọrin pàápàá. Àkeekèé náà wà lábẹ́ ẹní lóòótọ́, bó bá sì jẹ́ pé orí ẹní ló wà, kò ní rí i. Ó mọ èyí dáadáa nígbà tó dúró lórí àpáta tó bi ọmọ rẹ̀ nípa ojú tirẹ̀. Mo dìde lábẹ́ igi, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo lọ bá a ní ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Àjíkẹ́, o ti wà lábẹ́ igi láti ìgbà wo?" Mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lórí ẹ̀wà. Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé wàá sọ fún bàbá rẹ?"

Mo ní rárá.

"Ó dáa," ó ní.

Ó gbé ilé yẹn ọdún mẹ́rin sí i, ó sì kú lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ibà ló ṣe é, ọjọ́ méjì péré. N kò sọ fún bàbá mi títí Màmá fi kú, mo sì sọ fún un lẹ́yìn náà. N kò bi í bóyá ó ti mọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ wa ní ìdáná, wọ́n ní Bàbá Ọ̀mù ń bọ̀ wá kí wa. Láàárọ̀ kí ó tó dé, mo kó ìró méjì àti tóbi Màmá kan sínú báfù, wọn kò dọ̀tí, mo fọ̀ wọ́n, mo fún wọn, mo sì sá wọn sórí okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdáná. Màmá jáde, ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ tútù. Ó dúró. Ó fọwọ́ tọ aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mọ̀ pé tòun ni. Lẹ́yìn náà ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè kọjá, ó sì ń lọ síbi tó ń lọ. Bàbá Ọ̀mù dé ní ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé ìró tó ṣì tutù sókè kó lè gba abẹ́ okùn kọjá, ó kí wa, ó sì ní oòrùn òní yìí, aṣọ á tètè gbẹ.